Èmi-Nìkan àti Ọpọlọ Ọkọ̀ Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ bí ọkùnrin kan ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ọkọ̀ méjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ yín, ẹ fara balẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ìtàn yìí ń bá wí.

Orúkọ oyè ọkùnrin náà ni Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ohun Gbogbo Tó Ní Táyà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì gùn débi pé ọ̀rọ̀ náà yí igun ilé ká kí ó tó parí. Ẹni tó bá fẹ́ kà á tán ní láti rìn díẹ̀. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò ju ọkọ̀ mẹ́sàn-án ti ìgbìmọ̀ ìlú àti bárò méjì tí wọ́n fi ń kó yanrìn. Bárò náà ní táyà, Olùdarí kò sì fi wọ́n ṣeré.

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta ní géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà ọkọ̀ náà á tò sórí ìlà. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ á yọ jáde, ẹni tó ń mu omi á gbé ife sílẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, á sì ka orúkọ oyè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí èémí kan ṣoṣo. Bí ó bá mí láàárín, á tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú akọ̀wé, iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà náà kó tó di aago mẹ́wàá.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Olùdarí á wí, bí ẹni tí ogunlọ́gọ̀ dúró síwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mọ́kànlá péré ni. "Èmi ni mo dé."

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Bí n kò bá dé ńkọ́?"

"Ẹ̀ bá má dé, sà, táyà ìbá ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yí."

Akọ̀wé ló kọ ìdáhùn yẹn fún wọn, wọ́n sì ti kọ́ ọ sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ ìṣirò sórí. Bí akọ̀wé bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí ó bá gbé ọwọ́ òsì, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí ó bá gbé méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti di kí wọ́n máa nu ojú.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí wọ́n sọ ọ́ ní Èmi-Nìkan lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìwé. Ìwé náà nípọn, aṣọ pupa ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, akọ̀wé a sì máa gbé e mọ́yà kiri bí ìyá ìkókó. Iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá ṣe nínú ọgbà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ló lè wọ ibẹ̀. "Lónìí, Olùdarí fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ akólẹ̀, òun nìkan, láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Lọ́jọ́ táyà yìí, orí àga onígbàjámọ̀ ni Olùdarí wà láti àárọ̀, ó ń hanrun. "Lónìí, Olùdarí wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí ibi tí epo ti ń jò, òun nìkan." Ẹni tó bá ti rí ikùn Olùdarí rí mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe tó lè gba ikùn náà lábẹ́.

Ẹni tí Ìwé yìí ń dùn jù ni rewáyà ọgbà náà, obìnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Àǹtí Wáyà ni wọ́n ń pè é. Ọdún méje ló ti lò níbẹ̀. Bí iná iwájú ọkọ̀ bá kú, òun ni. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó ń ṣe é, òun ni yóò so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, tí yóò bá a sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi jẹ́wọ́. Ọdún méje, kò sì sí ìlà kan nínú Ìwé tí ènìyàn lè kà kí ó mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Ó ti gbé ìbínú náà mì tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn, lẹ́tà dé láti olú ilé iṣẹ́ pé Alábẹ̀wò Àgbà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, pé òṣìṣẹ́ tí kò bá rí iṣẹ́ tọ́ka sí nínú àkọsílẹ̀, kí ó máa múra ilé. Àǹtí Wáyà ní ìyá kan nílé tí kò lè rìn mọ́, ó sì ní ọmọbìnrin kan níléèwé. Òun nìkan ni àwọn méjèèjì ń wò lójú. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo bá wá."

"Ẹ̀bẹ̀ kì í kéré lọ́dọ̀ mi," Olùdarí dáhùn. "Bí ó bá ti dé etí mi, ó ti di ńlá. Máa wí."

"Sà, ẹ bá mi fi orúkọ mi sí ìlà kan nínú Ìwé. Ìlà kan péré. Iná ámbúláǹsì tí mo tún ṣe lóṣù tó kọjá, bí ẹ bá fi ìyẹn sí i, ó tó mi."

Olùdarí wo akọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ní kí ó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ yá ènìyàn.

"Akọ̀wé, nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yìí, ṣé wọ́n kọ orúkọ bíríkì kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀?"

"Rárá o, sà."

"Ṣé bíríkì kankan sunkún?"

"Kò sí èyí tó sunkún níbẹ̀, sà. Gbogbo wọn dúró jẹ́ẹ́."

"Àǹtí, o gbọ́. Dúró jẹ́ẹ́."

Bíríkì náà jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, Olùdarí pinnu pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun gbọ́dọ̀ máa dán. Ó fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú Alábẹ̀wò Àgbà, tó jẹ́ obìnrin, kí ó lè rí ojú ara rẹ̀ nínú irin. Ó ní kí Bàbá Géètì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, gbé rọ́bà omi wá, èyí tó máa ń ta bí ìbọn, kí ó fi fọ inú ọkọ̀. Àǹtí Wáyà rí i lókèèrè, ó sáré dé.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, omi kò gbọdọ̀ dé apá ọ̀tún yẹn. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀, òun ni ọpọlọ ọkọ̀. Òun ló ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì máa mu àti ìgbà tí iná máa ṣá. Ìdérí rẹ̀ ti là, mo kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀ láti oṣù kejì."

"Ọpọlọ?" Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ń jókòó sínú ọkọ̀ náà lójoojúmọ́, ọkọ̀ tún ń wá ọpọlọ mìíràn?"

Akọ̀wé gbé ọwọ́ òsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n dà á, sà?" Bàbá Géètì béèrè.

"Dà á. Omi mọ ẹni tó yẹ kí òun bọ̀wọ̀ fún."

Omi kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Olùdarí yí kọ́kọ́rọ́ títí ọrùn ọwọ́ fi ro ó, ọkọ̀ kò tilẹ̀ wúkọ́. Àǹtí Wáyà tú kọ̀ǹpútà náà, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́, omi sì ṣàn jáde bí ẹni da ìsàlẹ̀ ife nù. Ó ní ó ti kú. Ó ní òmíràn yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó ti òkè òkun dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ sì ku ọ̀túnla. Olùdarí pe ìpàdé pàjáwìrì àwọn ọlọ́gbọ́n. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀, akọ̀wé, àti dígí ńlá ara ògiri. Wọ́n fẹnu kò. Nígbà tí wọ́n jáde, Olùdarí na ọ̀pá rẹ̀ sí ámbúláǹsì, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé aláìsàn ní gbogbo àgbègbè náà.

"Irú kan náà ni wọ́n," ó wí. "Ọdún kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n. Ẹ yọ ọpọlọ tirẹ̀ sínú tèmi."

Dẹ́rẹ́bà ámbúláǹsì, ọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀. "Sà, bí wọ́n bá wá pè wá ńkọ́? Òun nìkan la ní."

"Kí aláìsàn ní sùúrù. Ẹni tára rẹ̀ kò yá, ibo ló tún ń sáré lọ?"

"Sà," Àǹtí Wáyà wí, "a kàn lè yọ ọ́, kì í ṣe pé yóò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dà bí Bàbá Géètì: ẹni tó bá mọ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún. Kọ́kọ́rọ́ ámbúláǹsì ló mọ̀, kò mọ tiyín. A ní láti fi láptọ́ọ̀pù kọ́ ọ ní nọ́ńbà ọkọ̀ yín àti kọ́kọ́rọ́ yín, ohun tí wọ́n ń pè ní porogíráàmù. Ogójì ìṣẹ́jú ni. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú yẹn, iná bátìrì kò gbọdọ̀ rẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀. Bí iná bá já lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà náà kò ní mọ ti àná, kò ní mọ ti òní. Kò sí àtúnṣe. Bí ẹ bá sì ní kí n ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo ní kí a tú ámbúláǹsì."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló gún Olùdarí lọ́kàn.

"Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ kọ́? Ta ló rò pé ìwọ ni? Akọ̀wé, ṣí Ìwé. Kọ ọ́: lónìí, Olùdarí, láti inú ọgbọ́n tirẹ̀ nìkan, pinnu láti yọ ọpọlọ ámbúláǹsì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn kan fẹ́ gbà á nímọ̀ràn, kò gbọ́."

"Ṣé kí n fi kún un, sà, pé rewáyà ràn yín lọ́wọ́?"

"Ta ló ń jẹ́ ìrànlọ́wọ́? Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó bu ọwọ́ lù ú. Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan kéré sí ipò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí òǹtẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Àǹtí Wáyà dúró pẹ́ níwájú ámbúláǹsì kí ó tó gbé irinṣẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, wọ́n á pe ẹnì kan láti ìta tí yóò fa gbogbo wáyà náà ya. Ó tú u jẹ́jẹ́, ó lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún dẹ́rẹ́bà, "bí Alábẹ̀wò yẹn bá ti lè lọ, àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni màá dá a padà. Ẹ forí jì mí." Dẹ́rẹ́bà mi orí, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́rú ṣe dé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà ní apá ibi tí ọkọ̀ Olùdarí dúró sí. Àǹtí Wáyà ki ṣájà bátìrì bọ̀ ọ́, kí iná má baà rẹ̀yìn, ó so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá márùn-ún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń wo nọ́ńbà náà bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ó dé ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta nígbà tó gbọ́ bàtà Olùdarí.

Olùdarí wọ agbádá funfun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni akọ̀wé wà, ó fi ọwọ́ kan gbé Ìwé, ó fi èkejì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ga tó àga.

"A wá ṣí i," Olùdarí wí.

"Kò tíì tán, sà. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ohun tí èmi bá ti ṣí, ó ti tán. Akọ̀wé, tan ohùn mi."

Akọ̀wé wá ibi tí yóò ki wáyà gbohùngbohùn bọ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn. Àǹtí Wáyà dìde, ó fi ẹ̀yìn bò ó.

"Sà, ẹ má jẹ́ kó yọ ọ́. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń jẹun."

"Àwọn ènìyàn mi náà fẹ́ jẹ ọ̀rọ̀. Akọ̀wé, ta ló ṣe pàtàkì jù, bátìrì ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Bátìrì kò tilẹ̀ ní oyè."

Ó na ọwọ́ kọjá ejìká rẹ̀, ó fa ṣájà yọ, ó ki ohùn Olùdarí bọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," Olùdarí bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì mi páànù òrùlé. "Nígbà ìwáṣẹ̀, kò sí táyà. Ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n béèrè pé, ta ni yóò gbà wá? Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ wò mí." Akọ̀wé gbé ọwọ́ ọ̀tún. "Lónìí, mo ń fi ọpọlọ sínú irin. Tẹ́lẹ̀, inú ènìyàn ni mo ti ń fi í sí." Ọwọ́ ọ̀tún. "Àwọn kan ní omi ló pa ti àkọ́kọ́. Irọ́ ni. Ọpọlọ náà rí tèmi, ojú tì í, ó kú." Ọwọ́ òsì.

Lójú láptọ́ọ̀pù, ìkìlọ̀ pupa ti ń ṣẹ́jú: iná ń lọ sílẹ̀. Ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìdá ọgọ́rin.

"Sà, ẹ dákun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré," Àǹtí Wáyà wí. "Ẹ jẹ́ kí n dá ṣájà padà, mo bẹ̀ yín."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀ mí," Olùdarí sọ nínú gbohùngbohùn. "Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kékeré ṣe ń yọ̀ nígbà tí ńlá bá dé. Ó wá kù kí n fi ọwọ́ ara mi parí rẹ̀, kí Ìwé má baà purọ́."

Kí Ìwé má baà purọ́. Láti ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tí Olùdarí ronú nípa òtítọ́ nìyẹn, òtítọ́ náà ló sì pa á.

Ó wọ inú ọkọ̀, agbádá rẹ̀ kún ibẹ̀ títí dé sítíárìn. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ó ní ooru ń mú òun, ó tan ẹ̀rọ amútútù. Ó wá tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Èkíní dún bí ewúrẹ́, èkejì dún bí ẹ̀fọn, ẹ̀kẹta kò dún. Nọ́ńbà ojú láptọ́ọ̀pù dúró sórí ìdá mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sì dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

"Kí ló dé?" Olùdarí béèrè láti inú ọkọ̀.

"Ó ti kú, sà," Àǹtí Wáyà wí. "Èyí náà."

Akọ̀wé kò mọ ọwọ́ tí yóò gbé. Olùdarí sọ̀ kalẹ̀, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Kò kú. Mo ṣètò rẹ̀ pé kó má pariwo mọ́. Ọkọ̀ ọlọ́lá kì í pariwo."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú Ìwé pé lónìí, Olùdarí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe porogíráàmù ọpọlọ ọkọ̀, òun nìkan, ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ẹ́ńjìnnì náà sì dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Òǹtẹ̀ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, obìnrin kúkurú kan tó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró lójú títì, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Géètì lórí bẹ́ǹṣì. Ó kí i dáadáa, ó béèrè ará ilé. Bàbá Géètì rò pé ó wá béèrè iṣẹ́ ni. Wọ́n jọ ń wo bí ọkọ̀ Olùdarí ṣe ń yọ láti ẹ̀yìn ọ́fíìsì, jẹ́jẹ́, láìdún, tí Olùdarí ń juwọ́ láti inú rẹ̀, tí ọkùnrin mẹ́fà sì tẹ̀ ba lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń tì í, tí òógùn bò wọ́n.

"Bàbá, kí ni àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ń ṣe?"

"Wọn ò sí níbẹ̀, mà," Bàbá Géètì dáhùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Obìnrin náà dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì sọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Géètì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bẹ́ǹṣì sá lọ.

Wọ́n tò. Akọ̀wé ka oyè náà lórí èémí kan. Alábẹ̀wò Àgbà dúró dè é títí ó fi tán, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yín kò dún."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mà. Porogíráàmù tuntun."

"Ẹ ṣí i, kí n gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó."

Olùdarí ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò nígbà tí fóònù dẹ́rẹ́bà ámbúláǹsì dún. Bíríkìlà kan ti já bọ́ láti orí àkàbà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iléèwé, itan rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Kí ámbúláǹsì máa bọ̀ kíákíá.

"Ẹ máa lọ nígbà náà," Alábẹ̀wò wí.

Dẹ́rẹ́bà ń wo ilẹ̀. "Kò ní ọpọlọ, mà."

"Ta ni?"

"Ọkọ̀ náà, mà. Wọ́n ti yọ ọ́."

Obìnrin náà kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sí i. "Ojú títì ló wà. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn, ẹ fi aṣọ di itan rẹ̀, ẹ sáré." Dẹ́rẹ́bà sáré. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, Alábẹ̀wò yíjú padà.

"Ta ló yọ ọpọlọ ọkọ̀ aláìsàn?"

Ìka Olùdarí ti na kí ìbéèrè tó parí. "Obìnrin yìí ni, mà. Rewáyà. Aláìgbọràn ni. Mo kìlọ̀ fún un títí ohùn mi fi há. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìsinsìnyí, ó sì yẹ kí ọlọ́pàá gbọ́ sí i."

Àǹtí Wáyà rí ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó rí aṣọ iléèwé ọmọ rẹ̀ lórí okùn. Ó wá rántí bíríkì.

"Mà," ó wí, "ẹ ní kí wọ́n ka Ìwé. Bí ẹ bá rí orúkọ mi níbẹ̀, kí ọlọ́pàá máa mú mi lọ."

Akọ̀wé kò tíì rí ọ̀gá kan láti olú ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbọ́ ohun tí òun kọ rí. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó ṣí Ìwé, ó gba èémí, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ka ti Ọjọ́ Ajé: Olùdarí fọ ẹ́ńjìnnì, òun nìkan, wọ́n kìlọ̀ fún un nípa ọpọlọ ọkọ̀, ó sì fi àwàdà dá wọn lóhùn. Olùdarí wúkọ́. Akọ̀wé rò pé wọ́n ní kí òun gbé ohùn sókè. Ó fi ohùn òkè ka ti Ìṣẹ́gun: láti inú ọgbọ́n tirẹ̀ nìkan, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Olùdarí wúkọ́ bí ẹni eegun há lọ́fun. Akọ̀wé ń pariwo ti Ọjọ́rú: òun nìkan, ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n òrofó tó gba akọ̀wé, tí ó tún ra Ìwé fún un, ẹ kò rí irú rẹ̀ rí.

"Mà, àkọsílẹ̀ lásán ni," Olùdarí wí. "A kì í gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́."

"Òǹtẹ̀ ta nìyí?"

"Ó jọ tèmi."

"Lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Ó jọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mà."

"Kò burú. Láptọ́ọ̀pù nìyẹn, ọkọ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ń dúró."

À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókò ń yọjú. Olùdarí dúró síwájú láptọ́ọ̀pù. Ó wo ìdí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka kan tẹ ibì kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kú. Ó wá ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé. Ó na àyà, ó tú ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ kọ̀ǹpútà, èmi ni mo dé."

Kọ̀ǹpútà kò dáhùn. Olùdarí yíjú sí akọ̀wé, akọ̀wé ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn tó wà lórí ìlà. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu jù, ó já bọ́ fúnra rẹ̀: "Bí n kò bá dé ńkọ́?"

Bàbá Géètì ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ̀ bá má dé, sà, ámbúláǹsì ìbá ti lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbé ọwọ́ òsì.

Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àǹtí Wáyà sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìyẹn sì sọ ọ́: omi, ṣájà, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó dákẹ́, ó ní, "Mà, ọwọ́ mi ló yọ ọ́ nínú ámbúláǹsì. Àṣẹ tiwọn ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni. Bíríkìlà yẹn wà lọ́rùn èmi náà."

Alábẹ̀wò yíjú sí akọ̀wé. "Akọ̀wé, kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí o sì fi orúkọ rẹ̀ sí i." Báyìí ni orúkọ Àǹtí Wáyà ṣe wọ Ìwé lẹ́yìn ọdún méje. Ẹ̀bi ló gbé e wọlé. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì bọ́.

Bíríkìlà náà yè, ó kàn ń tiro ni. Ìwé àṣẹ dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà: wọ́n gba ọ́fíìsì, ọkọ̀ àti òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Olùdarí. Nítorí pé ìjọba kì í ṣe ìkà, wọ́n fi bárò méjì sílẹ̀ fún un níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn lẹ́bàá títì. Ohun tó ní táyà ṣáà ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà tuntun dé, inú ámbúláǹsì ni wọ́n sì gbé e sí. Bàbá Géètì gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ wá síwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó jókòó tì í pẹ̀lú kùmọ̀ lórí itan. Akọ̀wé jókòó sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Ọ̀rọ̀ tó há sí i lẹ́nu mú kí ojú rẹ̀ wú. Nígbà tí nọ́ńbà náà pé ọgọ́rùn-ún, Àǹtí Wáyà nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí dẹ́rẹ́bà. Ẹ́ńjìnnì náà bú, èéfín tú, páànù òrùlé mì.

"Kí ni kí n kọ?" akọ̀wé béèrè.

"Kọ pé èmi ni mo ṣe porogíráàmù rẹ̀. Kọ pé Bàbá Géètì ló ṣọ́ iná. Kọ pé ẹ̀gbọ́n dẹ́rẹ́bà ló ṣí i." Ó rò ó díẹ̀. "Kí o sì kọ pé ìwọ dákẹ́. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà."

Ìpè kan wọlé kí yíǹkì tó gbẹ. Ámbúláǹsì jáde, ó kọjá lẹ́bàá òkìtì yanrìn. Ọkùnrin kan dúró láàárín bárò méjì níbẹ̀. Ó rí ọkọ̀ náà, ó na àyà, ó gbé ọwọ́ sókè bí ó ti máa ń gbé e.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń pariwo, a kò sì gbọ́ ìyókù.